Ìdákọ̀ró Tí Noelene Yàn

Igi páìnì àti àpáta funfun ti ya ara wọn. Ní wákàtí mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ju ìdákọ̀ró sínú omi, igi gíga náà dúró sẹ́yìn àpáta gan-an, débi tí èèyàn á fi rò pé orí àpáta ló ti hù. Ní báyìí, àlàfo tó fẹ̀ tó ilé kan ti wà láàárín wọn, ó sì ń fẹ̀ sí i.

"Merv," ni Noelene pè láti iwájú ọkọ̀. "Mo rò pé a ń sún o."

Ọkọ rẹ̀ jókòó sídìí ìtọ́kọ̀, ìwé ìròyìn lọ́wọ́, agolo bíà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọkọ̀ ń yí ni. Atẹ́gùn ló yí padà."

Noelene mọ ohùn yẹn. Ó ti gbọ́ ọ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì tí wọ́n ti fẹ́ra. Ohùn tí Merv máa ń lò nìyẹn tí kò bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kejì. Ó pa ẹnu mọ́, ó ń wo àlàfo náà. Ó ti tó ilé méjì. Ó ti tó mẹ́ta. Ìgbà náà ni obìnrin kan figbe ta lẹ́yìn wọn.

Ọkọ̀ funfun kan ló wà lẹ́yìn wọn, irú èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ méjì, tí wọ́n ta àwọ̀n líle sí àárín rẹ̀ níwájú. Tọkọtaya ọ̀dọ́ kan, Tamsin àti Lachie, ló ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn ọlọ́dún kan. Kí Merv tó tan ẹ́ńjìnì, ìdí ọkọ̀ tirẹ̀ ti lọ gbá iwájú tiwọn. Irin tí Tamsin sá ìlédìí ọmọ sí tẹ̀ bí wáyà, ó sì wó lu orí àwọ̀n náà. Orí àwọ̀n yẹn ni ọmọ ti ń ṣeré. Tamsin ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò níbẹ̀ ni, bóyá kò tíì tó ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí wọ́n fi ọwọ́ ti ọkọ̀ méjèèjì kúrò lára ara wọn tán, Merv bọ́ fìlà rẹ̀. "Ẹ má bínú o. Atẹ́gùn ló ṣàdédé le. Àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí lórí rédíò ò sọ ọ́. Kò sóhun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i."

"Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni," ni Lachie dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Tamsin gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń wo Noelene. Noelene wo omi.

Wọ́n padà sílé ní Bowen lọ́jọ́ kejì. Lójú ọ̀nà, ìgbà tí wọ́n fẹ́ yí ìgbòkun nìkan ni wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe gúnlẹ̀, Noelene kó gbogbo aṣọ rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀, ó kó ìwé rẹ̀, ó sì gbé ìrọ̀rí rẹ̀ sábẹ́ apá.

"O gbé ìrọ̀rí rẹ wálé," ni Merv wí láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, nídìí tábìlì ilé ìdáná.

"Mo gbé e wálé."

"Oṣù tó ń bọ̀ la fẹ́ lọ sí erékùṣù Lizard Island o. Ọdún mọ́kànlá la ti ń sọ ọ́."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò wọ ọkọ̀ yẹn mọ́, Merv, àfi tá a bá pààrọ̀ ìdákọ̀ró. Èmi ni mo sì máa yàn án."

Merv rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. "Ìdákọ̀ró bàbá mi? Èyí tó ti ń di ọkọ̀ mú láti ogójì ọdún?"

"Kò dì wá mú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

"Mo ti sọ fún ọ pé atẹ́gùn ni."

"Kì í ṣe atẹ́gùn." Noelene gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ kí ó má bàa dà. "Ogún mítà ẹ̀wọ̀n péré lo tú sílẹ̀ nínú omi tó jìn ní mítà mẹ́fà, omi sì ń kún bọ̀. Mo kà á bó ṣe ń jáde. O ò fi ẹ́ńjìnì fà á kó wọlẹ̀. O kàn jù ú sómi, o paná ẹ́ńjìnì, o ṣí bíà."

"Kí ló dé tó ò sọ ọ́ nígbà yẹn?"

Ìbéèrè tí Noelene ti ń bi ara rẹ̀ láti ọjọ́ náà nìyẹn. Kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló ń gba ìpè pàjáwìrì fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé aláìsàn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe é.

"Àjèjì á máa ké lórí fóònù," ló wí, "màá ní, 'Fara balẹ̀. Wò ó dáadáa. Ṣé ó ń mí?' Mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọkọ tèmi, mi ò lè bi í pé mítà mélòó lo tú. Torí pé ó máa dijú mágbárí. Torí ìyẹn, irin ìbá ti wó pa ọmọ ọlọ́mọ." Ó tẹjú mọ́ Merv. "Ìwọ parọ́ fún wọn, Merv. Èmi náà wà níbẹ̀, mo gbọ́, mo dákẹ́. Ọmọbìnrin yẹn wò mí, ńṣe ni mo ń wo omi. O gba nọ́ńbà wọn. Pè wọ́n, kó o sọ òótọ́ fún wọn. Ká tó sọ̀rọ̀ Lizard Island rárá."

Merv dìde, ó bọ́ síta. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa ọkọ̀ ojú irin tó ń kó ìrèké lọ sílé iṣẹ́ ṣúgà ní Proserpine, tí nǹkan bá sì dà á láàmú, ó máa ń lọ yẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kan wò ni. Lónìí, Noelene rí i láti ojú fèrèsé pé kò lọ sídìí ọkọ̀ kankan. Abẹ́ igi máńgòrò ló dúró sí pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó pẹ́ kó tó gbé e sétí. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ ra ẹ̀yìn ọrùn.

Nígbà tó wọlé, ó da tíì tó ti tutù nù, ó gbé omi mìíràn kaná.

"Mo ti sọ fún wọn," ló wí. "Lachie ní àwọn ti mọ̀. Ìyàwó rẹ̀ wò wá bá a ṣe ń tú ẹ̀wọ̀n lọ́jọ́ yẹn, ó ní kò lè tó."

"Kí wá ló dé tí wọn ò sọ̀rọ̀?"

"Ó ní mo dàgbà jù wọ́n lọ, àwọn ò fẹ́ dójú tì mí."

Wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Noelene fa àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jáde fún un.

Ines Furlan ló ni ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ọkọ̀ tó wà nítòsí èbúté. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bó ṣe rí Merv tó ń gbé ìdákọ̀ró bàbá rẹ̀ wọlé, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbà mí o! Merv, láti ọdún márùn-ún ni mo ti ń rí nǹkan yẹn níwájú ọkọ̀ ẹ, ojú á sì máa tì mí bá ẹ."

"Ta ọjà rẹ, Ines, jẹ́ n sinmi."

"Ìyàwó ẹ ni mò ń tà á fún. Ìwọ dúró síbẹ̀ yẹn." Ó fẹsẹ̀ tọ́ ìdákọ̀ró náà. Ó rí bí irin tí wọ́n fi ń túlẹ̀, oríkèé wà ní ọrùn rẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ sì ti kú pátápátá. "Ẹ wò ó, Noelene. Tí èyí bá dé ìsàlẹ̀ omi, ńṣe ló ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Tí ilẹ̀ bá rọ̀, ó lè wọlé. Tí koríko bá wà níbẹ̀ tàbí tí ilẹ̀ bá le díẹ̀, á máa yọ̀ lọ ni. Ẹ wá wo tòde òní."

Méjì ló gbé jáde. Ojú àwọn méjèèjì fẹ̀, ó sì tẹ̀ wọnú bíi ti ṣọ́bìrì, ṣóńṣó wọn mú, wọn ò ní oríkèé kankan. Ọ̀kan ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ bí òṣùmàrè lẹ́yìn rẹ̀. Ines ní irin yẹn ló máa ń yí i padà tó bá dojú dé. Èkejì ò ní, wọ́n ti kó ìwọ̀n rẹ̀ sí ṣóńṣó kó lè dá yí ara rẹ̀.

Merv na ọwọ́ sí èyí tó ní òṣùmàrè. "Èyí dáa. Ẹ jẹ́ ká sanwó."

"Dúró ná," ni Noelene wí. Ó béèrè páálí fíríìjì lọ́wọ́ Ines, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó fi lẹ́ẹ̀dì ya àwòrán ìdákọ̀ró méjèèjì bí wọ́n ṣe tóbi gan-an, ó gé wọn, ó sì kó wọn lọ sídìí ọkọ̀. Ó tó ìdajì wákàtí kó tó dé. "Èyí olóṣùmàrè máa kọ́ irin iwájú ọkọ̀ wa. Kò ní lè wọ àyè rẹ̀ láé. Èkejì bá a mu rẹ́gí."

Ines wo Merv. "O gbọ́ àbí o ò gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Ọkọ̀ yín gùn ní mítà mọ́kànlá, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù méje. Ìwé wọn ní kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó yín. Èmi ní kẹ́ ẹ mú ogún."

"Kílò ogún!" ni Merv pariwo. "Imú ọkọ̀ á máa wọmi!"

"Ṣé ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀wọ̀n wa á lè gbé e?" ni Noelene béèrè.

"Tẹ̀rín-tẹ̀rín."

"Mo mú ogún."

Merv mi orí. Ó ní ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni gbogbo èyí, pé irin ni irin ń jẹ́. Ines ò bá a jiyàn. Ó ní kí wọ́n gbé ti àtijọ́ àti tuntun lọ sétí òkun lọ dán an wò, kí wọ́n wá sanwó tó bá dá wọn lójú.

Omi ti fà sẹ́yìn gan-an lọ́sàn-án ọjọ́ náà, iyanrìn tútù sì tẹ́ lọ rẹrẹ. Noelene so okùn gígùn mọ́ ìdí ọkọ̀ akẹ́rù wọn, ó so ìdákọ̀ró àtijọ́ mọ́ ọn, ó ní kí Merv máa wà á lọ díẹ̀díẹ̀. Ìdákọ̀ró náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó ń bá ọkọ̀ lọ. Ó rì díẹ̀, ó tún jáde. Nígbà tí Merv dúró, ìlà gbọọrọ kan ló wà lórí iyanrìn, bí ẹni pé ẹnì kan fa ọ̀pá nílẹ̀ lọ.

Wọ́n wá so tuntun. Ó yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dojú bolẹ̀, ó sì wọlẹ̀ lọ kí Noelene tó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Okùn le gan-an. Ọkọ̀ akẹ́rù dúró, táyà rẹ̀ ń yí lójú kan, iyanrìn ń tà sẹ́yìn.

Merv sọ̀ kalẹ̀. Ó wá dúró síbi tí ìdákọ̀ró wọlẹ̀ sí. Góńgó ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀, wọ́n fọwọ́ wa iyanrìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó hú u jáde, omi sì ti ń kan orúnkún wọn.

"Bàbá mi ì bá ti rà á," ni Merv wí, ó ń mí hẹlẹ. "Tó bá wà nígbà ayé rẹ̀, ì bá ti rà á."

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, wọ́n ṣíkọ̀ láti Bowen lọ sí Lizard Island, wọ́n sì dé ẹ̀yìn Cape Upstart, ilẹ̀ kan tó yọ sínú òkun, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Òkè ńlá ló wà níbẹ̀, àwọn ilé páànù kéékèèké wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wẹ̀ nínú omi yẹn, nítorí ọ̀nì. Ọkọ̀ onígbòkun kan ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé. Noelene dúró sí iwájú, Merv wà nídìí ìtọ́kọ̀.

"Omi jìn ní mítà márùn-ún!" ni Merv ké.

"Á kún ní méjì sí i. Láti orí omi dé imú ọkọ̀ jẹ́ kan. Mẹ́jọ nìyẹn. Lọ́nà márùn-ún, ogójì mítà!"

Ẹnu Merv mì. Noelene rí i. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde ni, "Ogójì ni o."

Noelene ò ju ìdákọ̀ró náà. Ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ilẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ máa fẹ̀yìn rìn kí ẹ̀wọ̀n lè nà, kó má ṣe wó jọ lójú kan. Ó ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí gbogbo mítà mẹ́wàá mẹ́wàá. Nígbà tí àmì kẹrin jáde, ó de ẹ̀wọ̀n náà mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè.

"Rífáàsì! Díẹ̀ ná... Fi kún un... Fi kún un sí i!"

"Noelene, ẹ́ńjìnì ti ń ké o!"

"Jẹ́ ó ké. Fi kún un!"

Ẹ̀wọ̀n nà gbọnrangandan, imú ọkọ̀ tẹ̀ síwájú, ọkọ̀ sì dúró. Noelene wo òrùlé ilé páànù kan àti òkúta ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ka ení dé ọgọ́ta. Òrùlé àti òkúta ò kúrò lójú kan.

"Ó tó. Paná ẹ́ńjìnì."

"Ṣé mo lè ṣí bíà báyìí, ọ̀gá mi?"

"Ṣí méjì."

Atẹ́gùn dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń jẹun. Kì í ṣe atẹ́gùn tó ń fẹ́ lọ geere. Orí òkè ló ti ń já bọ́ lójijì, á lu omi mọ́lẹ̀, á dáwọ́ dúró, á tún bọ̀. Ife yọ̀ lórí tábìlì. Noelene jáde lọ wo òrùlé àti òkúta rẹ̀: wọ́n wà bí wọ́n ṣe wà. Ó yíjú padà, ó rí ọkọ̀ kejì tó ń fẹ̀gbẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

"Merv! Rọ́bà!"

Merv ti gbá àwọn rọ́bà ńlá náà mú, ó so wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí ọkọ̀ méjèèjì má bàa ha ara wọn. Lórí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan wà nídìí ìtọ́kọ̀, obìnrin kan kúnlẹ̀ níwájú.

"Corrine! Mo ní kó o tú u sí i!"

"O ní kí n dúró, Alby! Ìwọ lo ní kí n dúró!"

Ọkọ̀ náà fara ra rọ́bà wọn, ó kọjá. Bí wọ́n ṣe súnmọ́ra tó, Merv àti Alby lè bọ ara wọn lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú o!" ni Alby ké. "Atẹ́gùn òkè yìí ni! Kò sóhun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i!"

Merv di irin ọkọ̀ mú, ó ń wò ó. Noelene ń retí ohun tó máa sọ.

"Tèmi náà sún lóṣù tó kọjá," ni Merv dáhùn sókè. "Mo lọ gbá ọkọ̀ tí ọmọ kékeré wà nínú rẹ̀. Èmi náà ní atẹ́gùn ni. Irọ́ ni mo pa, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò jù ú dáadáa ni."

Alby yíjú sí iwájú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ iwájú ọkọ̀ wọn ń fa ẹ̀wọ̀n wọlé, kò sì pẹ́ tí ìdákọ̀ró wọn fi yọ lókè omi. Noelene wò ó, ó tún un wò. Irú èyí tí òun àti Merv rà gan-an ni, ó tilẹ̀ tún jẹ́ tuntun jù ú lọ. Kò sí ẹrẹ̀ kankan lára ṣóńṣó rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ sómi, kò wọlẹ̀ rí.

"Mítà mélòó lẹ tú?" ni Noelene béèrè.

Alby wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀ ọkọ̀. "Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ni obìnrin náà wí níkẹyìn. "Mo ní kò tó."

"Ẹ yí ọkọ̀ yín po, ẹ padà wá sẹ́yìn wa níbẹ̀ yẹn, àyè wà," ni Merv wí. "Ìyàwó mi ló mọ̀ ọ́n. Tí atẹ́gùn bá rọ̀ díẹ̀, màá gbé e wá bá yín."

Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá, atẹ́gùn ti ń dákẹ́ pẹ́ díẹ̀ kó tó tún fẹ́, Alby ṣì ń fi ẹ́ńjìnì dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró lẹ́yìn wọn. Merv fi ọkọ̀ rọ́bà gbé Noelene kọjá, ó sì lọ dúró ti Alby nídìí ìtọ́kọ̀. Ó fi ọwọ́ sápò, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Noelene kúnlẹ̀ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Corrine. Àtẹ́lẹwọ́ obìnrin náà ti bó níbi tó ti ń jà pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n.

"Má kánjú," ni Noelene wí. "Ìwọ lò ń rí ẹ̀wọ̀n. Alby ò rí i. Torí náà, ìwọ lo máa sọ, òun lá ṣe é."

"Kò ní fẹ́ gbọ́."

"Sọ ọ́ kó dún."

Wọ́n sọ ìdákọ̀ró kalẹ̀. Corrine ń ka mítà sókè bó ṣe ń jáde, ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó fi dé ogójì, wọ́n lè gbọ́ ọ láti etí òkun. Ó ké pé kí ọkọ rẹ̀ fi í sí rífáàsì. Alby ṣe é. Ó ké pé kó fi kún un. Alby fi kún un. Ẹ̀wọ̀n nà, imú ọkọ̀ tẹ̀.

Noelene fa ọwọ́ Corrine, ó fi ìka rẹ̀ lé orí ẹ̀wọ̀n tó ti le bí ọ̀pá. "Tí ìdákọ̀ró bá ń wọ́ nísàlẹ̀, á máa gbọ̀n, á máa kùn wá sí ọ lọ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń fa irin lórí òkúta. Dijú. Kí lò ń gbọ́?"

Corrine dijú. Atẹ́gùn já bọ́ láti orí òkè, ó da irun wọn sójú, ọkọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ló wí.

"Ó dáa," ni Noelene wí. "Jẹ́ kí ọwọ́ ẹ ṣì wà níbẹ̀ díẹ̀ sí i."